Ẹ Ka Ojú Ihò Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ sọ

 

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kì í ṣe owó ńlá tí ojú gbogbo ènìyàn ń rí. Owó kéékèèké tí ń fara pamọ́ sẹ́yìn owó ńlá ni. Nígbà tí púpọ̀ nínú yín kọ́kọ́ dé kíláàsì yìí, ẹ kò lè ka iye tí wọ́n kọ sí orí rìsíìtì. Lónìí, ẹ ń ka ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ yín fúnra yín, ẹ sì ń dìbò lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹgbẹ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní lápútọ́ọ̀pù, ti pọ̀ nísinsìnyí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní i, ẹgbẹ́ aránṣọ ní i, ìjọ ní i, mọ́ṣáláṣí náà ní i. Inú rẹ̀ ni akọ̀wé ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tí wọ́n dá sí. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, lápútọ́ọ̀pù a máa darúgbó. Bátìrì rẹ̀ kò ní gba iná mọ́. Bí ẹ bá tàn án ní àárọ̀, ẹ lè jẹun tán kó tó ṣí. Ẹgbẹ́ á wá jókòó, wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká ra tuntun. Ìbéèrè tí ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Èló ni wọ́n ń tà á?"

Ìbéèrè dáadáa ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: "Kí ni àwọn nǹkan tí a ń so mọ́ èyí tí a ní, ǹjẹ́ wọn yóò wọ inú tuntun?"

A mọ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kan tí kò bi ara wọn ní ìbéèrè kejì yìí. A kò ní dárúkọ wọn. Akọ̀wé wọn jẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n fún un ní owó lápútọ́ọ̀pù gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Ó rà á, ó gbé e dé, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́lẹ́ bíi síléètì. Ihò méjì péré ló wà lára rẹ̀, ìkan ní apá òsì, ìkan ní apá ọ̀tún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, akọ̀wé fẹ́ tẹ ìwé ìpàdé jáde. Wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò wọlé, nítorí ẹnu rẹ̀ tóbi ju ihò lọ. Ó padà wá gba owó adápútà, ìyẹn ohun kékeré tí a ń fi sáàárín kí ẹnu wáyà kan lè bá ihò mìíràn mu. Wọ́n fún un. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ fi àwòrán aṣọ tuntun han ọmọ ẹgbẹ́ lára ògiri. Wáyà prọjẹ́kítọ̀ náà kò wọlé. Ó tún padà wá gba owó. Wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ojú wọn ti yí. Adápútà kejì dé, wọ́n wá rí i pé ṣájà ti gba ihò kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gba èkejì, prọjẹ́kítọ̀ kò sì rí ibi wọ̀. Nígbà náà ni ọlọ́jà wá sọ fún akọ̀wé pé adápútà ẹlẹ́nu púpọ̀ ló yẹ kó rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà kẹta tí ó ń padà wá.

Ìgbà kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ di wàhálà. Màmá àgbà kan dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé lápútọ́ọ̀pù lo rà fún wa ni, àbí ọmọ ọwọ́ tí kì í yó?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rín. Ẹnìkan sọ ọ́ jáde gbangba pé ó ń jẹ owó ẹgbẹ́. Obìnrin náà kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bú sẹ́kún. Rìsíìtì pé. Kò jẹ kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní oṣù náà, wọn kò sì tíì rí irú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sí olè níbẹ̀. Ọlọ́jà kò purọ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé owó náà kò jáde pọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dìbò. Ó ń yọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bíi omi tí ń jò láti inú kòkò. Bí wọ́n bá ti ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ kìíní, bóyá wọn ì bá tún ra irú lápútọ́ọ̀pù mìíràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń ka ihò.

Ọpẹ́ ni pé ẹ ti mọ lẹ́tà A, B àti C, nítorí àwọn lẹ́tà yìí gan-an ni wọ́n fi ń pe àwọn ihò tó ṣe pàtàkì jù. USB ni orúkọ ìdílé wọn. Láti ọdún 1996 ni ìdílé náà ti wà. USB-A ni ihò onígun mẹ́rin tí ó gùn díẹ̀, tí ẹ ń ki fláàṣì bọ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, kò ní wọlé. Ẹ máa ń yí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó rí i kì bọ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. USB-B ni èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. USB-C ni ọmọ ìkẹyìn. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Ó kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí roboto, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ṣe kì í ló ń wọlé. Irú rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun.

Àwọn tí kì í ṣe ará ìdílé USB náà wà. HDMI ni èyí tí ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sínú tẹlifíṣọ̀n. Ó fẹ̀ lókè, ó fún nísàlẹ̀. VGA ni àgbàlagbà tó ní ihò wẹ́wẹ́ 15 ní ìlà mẹ́ta, tí a ń fi ìdè méjì dè ní ẹ̀gbẹ́. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ IBM ti gbé e jáde. Ní ọdún 2010, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kéde pé àwọn yóò máa mú un kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti mú un kúrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo prọjẹ́kítọ̀ tó wà ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọsìn. Púpọ̀ wọn ṣì ń lo VGA, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nǹkan tí ń ṣiṣẹ́ kì í mọ̀ pé òun ti di ẹni àtijọ́.

Kí ló dé tí àwọn tí ń ṣe lápútọ́ọ̀pù fi ń yọ ihò kúrò? Wọ́n fẹ́ kó fẹ́lẹ́, kó fúyẹ́, kó sì jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: kó gbé iná wọlé, kó gbé àwòrán jáde, kó sì kó fáìlì kọjá. Nǹkan dáadáa ni, a kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ ni wọ́n fi ìnáwó tó kù sí lọ́rùn.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe lọ ní ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2015, wọ́n ta lápútọ́ọ̀pù kan tí ó ní ihò USB-C kan ṣoṣo, àti ihò tí a ń ki gbohùngbọ́ etí bọ̀. Iná àti gbogbo nǹkan yòókù, ihò kan náà. Ní October 2016, wọ́n yọ USB-A, HDMI àti ihò káàdì àwòrán kúrò lára lápútọ́ọ̀pù ńlá wọn, èyí tí àwọn ayàwòrán àti oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn. Ariwo ta. Ní November ọdún náà, wọ́n dín owó adápútà kù fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí ń so USB-A mọ́ USB-C, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 19, di dọ́là 9. Ẹlẹ́nu púpọ̀ tí wọ́n ń tà ní dọ́là 69 di dọ́là 49. Nígbà tó di ọdún 2021, wọ́n dá HDMI àti ihò káàdì padà sára lápútọ́ọ̀pù ńlá náà. Ẹni tó ti ra adápútà ní ọdún márùn-ún tó wà láàárín, kò sí ẹni tó dá owó rẹ̀ padà.

Àwọn ìyá tí ń fi gáàsì dáná mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Orí sílíńdà kékeré kò rí bíi ti sílíńdà ńlá, régúlétọ̀ tí ẹ ń lò fún ìkan lè máà wọ èkejì. Ẹ̀yin aránṣọ náà mọ̀ pé bọ́bìnì ẹ̀rọ kan kì í fi gbogbo ìgbà wọ òmíràn. Ẹ kì í ra ẹ̀rọ ìránṣọ láìbéèrè abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tí a óò fi ra lápútọ́ọ̀pù láìbéèrè wáyà rẹ̀?

Ó ku ibi tó ṣòro díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ihò méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí iṣẹ́ wọn má sì jẹ́ ọ̀kan náà. USB-C kan lè gba iná, kó gbé àwòrán, kó sì kó fáìlì. Òmíràn lára lápútọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú lè kó fáìlì nìkan, kí ó má lè gbé àwòrán rárá. Bí ẹ bá ra adápútà HDMI tó dára jù lọ ní gbogbo Ikeja, tí ẹ sì ki i bọ inú irú ihò bẹ́ẹ̀, ògiri yín á dúdú síbẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ihò. Bí ẹ bá rí lẹ́tà D àti P, ó ń gbé àwòrán. Bí ẹ bá rí àmì mànàmáná tó ní ọfà lẹ́nu, Thunderbolt ni, alágbára ni, òun náà ń gbé àwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í fi àmì kankan sí i, èyí tí kò dára lójú tiwa. Nítorí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìsọ̀ rẹ̀ lójú yín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Adápútà náà ní ojú tó kọ sí. Èyí tí ń gbé àwòrán láti HDMI lọ sí VGA kò lè gbé e padà láti VGA wá sí HDMI. Bí omi odò ni, apá kan ló ń ṣàn sí. A ti rí ẹni tó ra èyí tó kọjú sódì, tí ó rò pé prọjẹ́kítọ̀ ló bàjẹ́. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má kàn sọ pé, "Ẹ fún mi ní HDMI àti VGA." Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Lápútọ́ọ̀pù mi ní HDMI, prọjẹ́kítọ̀ mi ní VGA. Láti lápútọ́ọ̀pù lọ sí prọjẹ́kítọ̀ ni." Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ èyí tí yóò gbé fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti iná, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń gbà sọnù. Bí lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ń lo ṣájà ẹlẹ́nu roboto, kò ní wọ inú tuntun tí ń lo USB-C. Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣebí ṣájà fóònù mi náà jẹ́ USB-C, màá fi í sí i." Ẹ mú gègé yín, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ara ṣájà ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ OUTPUT. Ẹ fi iye tó wà níwájú lẹ́tà V sọ iye tó wà níwájú lẹ́tà A di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni W, ìyẹn ni agbára ṣájà náà. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 5V àti 2A sí: 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10. Ṣájà lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ 20V àti 3.25A sí: 20 lọ́nà 3.25 jẹ́ 65. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ẹni tí ń fi ife tíì pọn omi sínú àgbá ni. Fóònù ń kún, lápútọ́ọ̀pù kò ní kún. Ó lè máà tilẹ̀ gbà á rárá.

Wáyà tún wà níbẹ̀. Wáyà USB-C lásán kì í gbé ju 3A lọ. Èyí tí yóò gbé 5A gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún un, owó rẹ̀ sì ga díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà tó bá fóònù wá, iná ni wọ́n ṣe é fún jù. Bí ẹ bá fi í kó fáìlì, ó lè lọ́ra ju wáyà USB 3 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá tún fi adápútà ẹlẹ́nu púpọ̀ sáàárín ṣájà àti lápútọ́ọ̀pù, adápútà náà á jẹ díẹ̀ nínú iná kó tó kọjá, bí alágbàtà. Ṣájà tó kàn tó tẹ́lẹ̀ lè wá di èyí tí kò tó mọ́.

Dọ́ọ̀kì ń kọ́? Dọ́ọ̀kì ni àpótí kékeré tí a ń gbé sórí tábìlì, tí gbogbo wáyà ń wọ̀ sí lára: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mọ́nítọ̀, máùsì, íntánẹ́ẹ̀tì. Bí akọ̀wé bá dé ní àárọ̀, wáyà kan ṣoṣo ni yóò ki bọ lápútọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé irú dọ́ọ̀kì méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni èyí tí a ń gbé lápútọ́ọ̀pù kà lé lórí, tí ó ní ẹnu tó ń wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ti Dell kò wọ HP, ti HP kò wọ Lenovo, kódà èyí tí Dell ṣe fún irú lápútọ́ọ̀pù kan kò wọ irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pa lápútọ́ọ̀pù dà, ọjọ́ náà ni irú dọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ di òkúta ìdílẹ̀kùn. Èyí tuntun tí ń lo USB-C dára jù ú lọ, nítorí ó lè bá lápútọ́ọ̀pù oríṣiríṣi ṣe. Àmọ́ owó rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan wà tí owó wọn ju ti lápútọ́ọ̀pù àlòkù lọ.

Ohun mìíràn tí ẹni tí ń tà á kì í sábà sọ ni pé púpọ̀ nínú dọ́ọ̀kì ńlá ni ó ní ṣájà tirẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ wọ iná ògiri. Lápútọ́ọ̀pù ní bátìrì, dọ́ọ̀kì kò ní. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ láìdágbére. Bí iná bá lọ, lápútọ́ọ̀pù á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dọ́ọ̀kì á kú, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ á kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí akọ̀wé bá ń kó orúkọ àti owó ẹgbẹ́ sórí fláàṣì tó wà lára dọ́ọ̀kì náà ní ìṣẹ́jú yẹn, fáìlì náà lè bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní inverter ní ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi dọ́ọ̀kì sílẹ̀ ná. Ẹlẹ́nu púpọ̀ kékeré tí ń jẹ iná láti ara lápútọ́ọ̀pù yóò tó wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dín bátìrì kù.

Ẹ má sì rò pé dọ́ọ̀kì lè fún lápútọ́ọ̀pù ní agbára tí kò ní. Lápútọ́ọ̀pù MacBook Air tí Apple gbé jáde ní ọdún 2020, èyí tó ní M1 nínú, mọ́nítọ̀ ìta kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá so dọ́ọ̀kì oníhò HDMI méjì mọ́ ọn kò ní rí àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi tó bá ra irú dọ́ọ̀kì pàtàkì tí a ń fi ètò kan sínú lápútọ́ọ̀pù fún. Owó mìíràn tún nìyẹn.

Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, tàbí èyí tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà, orí ṣájà wọn bá ihò ògiri wa mu, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ti Amẹ́ríkà ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ti Jámánì ní ẹsẹ̀ roboto méjì. Ẹ ka ara ṣájà. Bí wọ́n bá kọ INPUT 100–240V sí i, ẹ̀rù kò bà yín, orí rẹ̀ nìkan ni ẹ óò wá nǹkan ṣe sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Púpọ̀ wọn kò gbà ju 120V tàbí 127V lọ, iná wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ ògiri, èéfín ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún yín. Ní àwọn ìlú Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ EU, òfin ti dé pé kí fóònù máa lo USB-C láti gba iná, láti December 28, 2024. Ti lápútọ́ọ̀pù, April 28, 2026 ni òfin náà dá fún un. Òfin kan náà ní kí ẹni tí ń rajà lè ra ẹ̀rọ láìra ṣájà mọ́ ọn. Ó dára fún ẹni tó ti ní ṣájà nílé. Ẹni tó bá ń retí ẹrù láti ibẹ̀ ni kó béèrè bóyá ṣájà wà nínú páálí.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni adápútà jẹ́ dandan o. Ọ̀nà tó dínwó wà. Fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ lè ra wáyà tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ C, tí èkejì jẹ́ B. Wáyà kan ló gba ipò wáyà àtijọ́ àti adápútà pọ̀, kò sì ní máa mì. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tilẹ̀ ní Wi-Fi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn rí. Máùsì tí ń lo Bluetooth kò gba ihò kankan. Bí ẹ bá sì máa ra adápútà, èyí tó ní okùn kúkúrú sàn ju èyí tó gan pa bíi ìṣó. Èyí tó gan, bí ọwọ́ bá gbá a, ihò lápútọ́ọ̀pù ló ń fọ́. Owó àtúnṣe ihò lè ju owó adápútà lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la dá iye yìí fúnra wa nítorí ìṣirò; ọjà ni yóò sọ tòótọ́ fún yín. Ká ní lápútọ́ọ̀pù kìíní, èyí tó fẹ́lẹ́, jẹ́ ₦400,000. Èkejì, tó nípọn díẹ̀ tó sì ní USB-A, HDMI àti USB-C lára, jẹ́ ₦430,000, ṣájà sì bá a wá. Ẹni tó bá wo owó nìkan á mú ti ₦400,000. Ṣùgbọ́n ó nílò adápútà ẹlẹ́nu púpọ̀, ₦35,000. Ó nílò wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ₦6,000. Ṣájà kò bá a wá, ₦24,000. Ẹ ro ó pọ̀. Ó di ₦465,000. Èyí tí wọ́n pè ní ọ̀wọ́n fi ₦35,000 pọ́ọ́kú jù ú lọ, kò sì sí ohun kékeré kankan tí ọmọ ọ́fíìsì lè sọnù lọ́jà.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó dìbò, ẹ ní kí akọ̀wé kó gbogbo wáyà ọ́fíìsì wá nínú àpò kan. Kó tú wọn sórí tábìlì lójú gbogbo ènìyàn. Kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan: kí ni orúkọ rẹ̀, irú ẹnu wo ló ní, ṣé a ṣì ń lò ó. Ẹ óò rí àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ wọn mọ́. Ẹ má náwó lé ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé àti akápò jọ mú ìwé náà lọ sí ọjà, kí wọ́n kọ iye lápútọ́ọ̀pù àti iye ohun tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye àpapọ̀ ni kí ìpàdé dìbò lé. Bí ó bá ṣẹ́kù, akápò á dá a padà. Bí wọ́n bá rà á, kí ọlọ́jà kọ adápútà kọ̀ọ̀kan sí orí rìsíìtì ní orúkọ tirẹ̀, kì í ṣe "ẹrù díẹ̀díẹ̀". Kí wọ́n sì bá a sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ pé, bí kò bá bá prọjẹ́kítọ̀ mu, ìgbà wo ni àwọn lè dá a padà.

A ti so àwòrán àwọn ihò tí a dárúkọ mọ́ ara pátákó lẹ́yìn yín, pẹ̀lú orúkọ wọn ní lẹ́tà gàdàgbà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wáyà tirẹ̀ wá. Ẹ má nu eruku rẹ̀ kúrò, ẹ kàn kó o wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣájà kó mú un mọ́ ọn, a óò jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, V àti A, a óò sì ṣe ìṣirò náà lórí pátákó.